Ohùn Ìyá Dídùn

Mi ò ní búra fún ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí wọ́n kọ́ mi pé kí n má máa búra. Ẹ kàn mọ̀ pé bí mo ṣe rí i ni mo ṣe ń kọ ọ́. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò sì bù nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, mi ò ní bá a jà. Ó wu èmi náà kí n má gbà á gbọ́.

Aránṣọ ni mí. Yàrá kan àti pálọ̀ ni ilé wa. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní ìdí fèrèsé pálọ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá lọ, ó máa ń pẹ́ kó tó dé, bó bá sì dé, kí ojú wa tó mọ ara wọn tán, ó ti tún ń di ẹrù. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Nítorí pé kò lẹ́ran lára, Tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Èmi náà sì di Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹnu ọmọ náà kì í sinmi tẹ́lẹ̀. Bó bá ti ilé ìwé dé, á jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, á máa ṣa abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, á sì máa ròyìn: ẹni tí tíṣà bá wí, ẹni tó sùn ní kíláàsì tó ń hanrun. Bí òwú bá já mọ́ mi lọ́wọ́ tí mo tẹjú mọ́ ọn, á ní òwú ni mò ń gbọ́, mi ò gbọ́ òun. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀, á máa kùn orin, ẹnu pípadé, bí oyin tó kó sínú agolo.

Ìgbà tó wọ ilé ìwé girama ni bàbá rẹ̀ ra fóònù fún un, kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn. Ojú bàbá nìkan la ní kó máa rí. Láìpẹ́, ojú tó wà níbẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí mo lè mọ̀ lọ. Ọmọ mi dákẹ́. Kò bínú o. Ó kàn dákẹ́. Bí mo bá pè é, á ní "mà," kò ní gbójú sókè. A jọ máa ń wà nínú pálọ̀ kan náà, síbẹ̀ èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń fi ẹ̀rọ rán àkísà, kí ìró kan ṣáà wà nínú ilé.

Kì í ṣe èmi nìkan lọ̀rọ̀ náà ń dùn. Ilé ìwé pe àwa òbí kíláàsì wọn sí ìpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Tíṣà wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, ní àwọn ọmọ ń wo fóònù lábẹ́ tábìlì. Ó ní òun pe orúkọ ọmọ kan láti mọ̀ bóyá ó wá, ọmọ náà sì dáhùn pé "hẹ̀lóò." A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin ilé ìwé nìkan kò lè ṣe é, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí a ṣe fi òfin lélẹ̀ nìyẹn. Fóònù kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì. Nílé, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí òbí gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, kó má dá a padà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe. Ó nawọ́ sókè. Ó ní òun fara mọ́ òfin náà, àmọ́ kí tíṣà bá òun bẹ àwọn ọmọ kí wọ́n máa jẹ́ kí fóònù wọn já bọ́ sílẹ̀ dáadáa lójú ọ̀sán, kí òun náà lè rí jẹ. Ìyá Ìbejì, tó jókòó tì mí, ní ti ọkọ òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà, torí òun ni ọmọ tó dàgbà jù nínú ilé wọn.

A wá dá gúrúùpù kan sílẹ̀ lórí fóònù fún àwa òbí. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá ti gba ti ọmọ rẹ̀ á kọ ọ́ síbẹ̀, kí ọkàn àwọn yòókù lè le. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ara rẹ̀. Orúkọ ọmọ ni kálukú fi ń jẹ́, ọ̀pọ̀ sì lo orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ nílé, èyí tí tíṣà kò mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Dídùn náà ń kọ tirẹ̀ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè pé èwo ni Dídùn nínú àwọn ọmọ. Kálukú rò pé ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo nawọ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ gbé fóònù lé e. Kò jà. Mo pa á, mo tì í sínú àpótí abẹ́ ẹ̀rọ. Mo wá jókòó, mo ń dúró kí ọmọ mi padà wá bá mi, bí ẹni tó ti sin àlejò dé ìta tán. Kò wá. Ó wọ yàrá lọ, ó dùbúlẹ̀, ó ń kùn orin. Mo tẹ̀ lé e. Mo ní kó wá bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rọ̀ wo, Màmá?"

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ wo. Mo ní ọ̀rọ̀ yòówù.

"Fóònù lẹ ní ẹ fẹ́ gbà," ó ní. "Ẹ ò sọ pé ẹ máa gba ọ̀rọ̀ náà."

Mo padà sídìí ẹ̀rọ. Ilé wá dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, iná fóònù a máa tàn sí i lójú, mo sì máa ń rí ojú ọmọ mi. Nísinsìnyí, ògiri ló kọjú sí.

Gúrúùpù ló wá ń bá mi gbélé. Bí gbogbo wa bá ti kọ̀wé tán pé a ti gba fóònù, àdúrà ló kù. Ẹnì kan á gbàdúrà fún àwọn ọmọ, àwa yòókù á ṣe Àmín. Ẹlòmíràn á tún gbà. Àmín. Bí mo bá ń lọ aṣọ lọ́wọ́, bí abẹ́rẹ́ bá wà lẹ́nu mi, màá kàn na ìka kan, màá tẹ̀ ẹ́. Ta ló ń dúró kí àdúrà parí kó tó ṣe Àmín? Àdúrà ni àdúrà.

Ìrọ̀lẹ́ kan ni Ìyá Dídùn kọ̀wé sí èmi nìkan. Ó ní ṣé ara mi le, pé Àmín mi dà bí ti ẹni tó rẹ̀. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí bẹ́ẹ̀. Mo dá a lóhùn, bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun kì í kọ̀wé púpọ̀. Ohùn rẹ̀ ló máa ń gbà sílẹ̀ tó fi ń ránṣẹ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sùn. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í gbé ohùn sókè.

"Ọmọ wà nítòsí mi," ó ní.

Ọmọ wà nítòsí lóòótọ́. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ohùn ìyá rẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó ń wí, àmọ́ mo mọ ìró ọmọ tó ń ròyìn ilé ìwé fún ìyá rẹ̀. Mo kú sínú ìlara. Mo sọ fún un pé oríire ni tirẹ̀. Ó ní kò yé mi ni. Ó ní Dídùn kì í dákẹ́, kì í fi òun lọ́rùn sílẹ̀, kò mọ fóònù, kò mọ eré, òun nìkan ló ń tẹjú mọ́. Ó ní ọmọ bíi tèmi, tó lè dá jókòó jẹ́jẹ́, ló wu òun. A fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àwa ìyá ni. Ta ni kò tíì sọ fún aládùúgbò rí pé kó máa mú ọmọ òun lọ, òun fi tọrẹ?

Tẹ́ẹ́rẹ́ bá mi níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Mo gbé fóònù sétí, mò ń rẹ́rìn-ín. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Màmá, èwo nínú wa ni wọ́n ṣe òfin yẹn fún?"

Mo ní ọ̀rọ̀ àwọn òbí ni mò ń gbọ́. Ó ní kí n má bínú. Ó dúró díẹ̀ sí i, bí ẹni tó ní nǹkan kan láti sọ. Ohùn tuntun wọlé lórí fóònù, mo gbé e sétí. Nígbà tí mo wo ẹnu ọ̀nà, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí òjò rọ̀ ni mo kọ́kọ́ fura. Òjò wà nínú ohùn Ìyá Dídùn náà. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan, òjò lè rọ̀ níbi méjì. Àmọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn òjò náà. Ẹ̀rọ tèmi ní àìsàn kan tí mo mọ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀ ti gbó, bó bá fẹ́ dúró, á ké fíín, bí ẹyẹ tí a tẹ̀ nírù. Mo gbọ́ ọ nínú fóònù. Fíín. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ tèmi. Ó dákẹ́. Mo tún ohùn náà gbọ́.

Fíín.

Mo bi í bóyá ó ń ránṣọ.

"Ó pẹ́ tí mo ti ń rán an," ó ní. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni àdúrà kan dé láti ọ̀dọ̀ Ìyá Dídùn. Mò ń ṣẹ́ etí aṣọ kan, abẹ́rẹ́ kún ẹnu mi. Ó bẹ̀rẹ̀ bí gbogbo àdúrà ṣe ń bẹ̀rẹ̀: Ọlọ́run á bá wa tọ́ wọn. Mo na ìka, mo tẹ Àmín. Mo bá iṣẹ́ mi lọ. Ohùn rẹ̀ ṣì ń lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí tábìlì, ìró ẹ̀rọ bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ sókè, àdúrà ti parí. Ilé dákẹ́. Ó dákẹ́ débi tí mo fi gbọ́ gílóòbù tó ń dún lókè orí mi. Orin tí Tẹ́ẹ́rẹ́ ń kùn nínú yàrá ti dá.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ó jáde. Ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó ṣa abẹ́rẹ́ kan nílẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n ròyìn ilé ìwé fún yín."

Ó ròyìn títí oúnjẹ wa fi tutù. Mo sunkún, mo sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kó má baà rí mi.

Ohun tí mo ń tọrọ ló tẹ̀ mí lọ́wọ́ yìí. Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀. Tíṣà ránṣẹ́ pé ọmọ mi ti yàtọ̀. Ìyá Ìbejì ní kí n wá sọ oògùn tí mo lò, kí òun lè bù díẹ̀ sí oúnjẹ ọkọ òun.

Ní òwúrọ̀, mo ṣí àpótí, mo dá fóònù Tẹ́ẹ́rẹ́ padà fún un gẹ́gẹ́ bí òfin. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún. Ó wò ó níwá, ó wò ó lẹ́yìn. Kò tàn án. Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ní ọjọ́ kejì, àti láwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Bàbá rẹ̀ pè. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí fóònù mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbà á, ọkọ mi rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ń gbọ́ omi lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ara ọmọ yẹn yá?"

Mo ní ó yá.

"Ó kí mi bí àlejò," ó ní.

Mo sọ fún un pé ọmọ ti dàgbà ni. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ ohun tí kò sí. Ọmọ náà kì í kùn orin mọ́. Mo ní kó bá mi kùn orin tó máa ń kùn. Ó bi mí pé orin wo. Mo ní orin rẹ̀. Ó ronú. Ó ya ẹnu, ó kọ orin kan fún mi, ohùn rẹ̀ dára. Mi ò gbọ́ orin náà rí láyé mi.

Láti ọjọ́ àdúrà yẹn, Ìyá Dídùn kò kọ ohunkóhun mọ́. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún fẹ́ mọ ohun tó tọrọ fún mi gan-an. Ọmọ ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Mo gbé fóònù sétí, mo gbọ́ àdúrà náà dópin.

"Ọlọ́run á bá wa tọ́ wọn. Ọmọ tó ń dákẹ́ fún ìyá rẹ̀, kó wá dákẹ́ lọ́dọ̀ mi, kí n sinmi. Ọmọ tó ń bá mi sọ̀rọ̀, kó lọ bá ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe Àmín."

Ó dákẹ́, bí ẹni tó ń dúró. Ẹ̀rọ ké. Lẹ́yìn náà, láti òkèèrè, nínú ohùn tó gbà sílẹ̀ náà, obìnrin kan dáhùn.

"Àmín."

Ohùn mi ni. Ìka ni mo fi tẹ tèmi. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi. Mi ò la ẹnu.

Mo lọ sí ilé ìwé. Tíṣà ní òun kò ní ọmọ kankan tó ń jẹ́ Dídùn, òun rò pé orúkọ tí mo ń pe Tẹ́ẹ́rẹ́ nílé ni, pé mo ní fóònù méjì. Mo bi Ìyá Ìbejì. Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà ni?" Mo gbé nọ́mbà náà lọ bá bàbá tó ń tún fóònù ṣe. Ó fi fóònù mi pè é, ó fetí sí i. Ó ní báyìí ló máa ń dún bí ènìyàn bá pe ara rẹ̀. Ó yọ tirẹ̀ lápò, ó fi pè é. Fóònù mi wà lọ́wọ́ mi, kò dún. Àmọ́ ẹnì kan gbé ìpè náà. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó gbọ́ nǹkan kan, ó sì pa fóònù náà kíá. Mo bi í pé kí ló gbọ́. Ó ní kí n lọ sílé, kí n lọ jókòó ti ọmọ mi. Ọkùnrin tí kì í yé ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà lọ́jọ́ yẹn.

Nírọ̀lẹ́, ohùn kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Ìyá Dídùn. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ń lọ. Fíín. Lábẹ́ ìró ẹ̀rọ, ọmọ kan ń kùn orin, ẹnu pípadé. Mo dì mọ́ tábìlì. Orin náà dá.

"Màmá?"

Bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ṣe pè mí. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ọmọ tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi gbójú sókè. Ó ní ta nìyẹn. Mo ní ọmọ kan ni.

"Kí ló dé tí kò lọ bá ìyá rẹ̀?"

Mo dojú fóònù náà délẹ̀ lórí tábìlì.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń fi ohùn ránṣẹ́ sí nọ́mbà yẹn. Mo máa ń ròyìn ọjọ́ mi fún un: aṣọ tí mo rán, ẹni tó wá gba aṣọ, ohun tí Ìyá Ìbejì wí. Mo ní kó ní sùúrù. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo ń sọ ọ́, nítorí ọmọ wà nítòsí mi. Àmì pé wọ́n ti gbọ́ ọ a máa jáde. Kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn.

Mo sì ń gbàdúrà. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó tú ohun tí wọ́n so. Bó bá wá ku Àmín, mo máa ń wo èyí tó ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Kò ṣẹ̀ mí. Mo ti mọ bó ṣe ń sùn. Bí èyí bá lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fẹ́ ẹ ló ń padà sí. Ẹnu mi a wúwo. Mi ò tíì lè ṣe Àmín náà.

Lánàá, mo ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sẹ́ni lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀ káàkiri. Ó ti gbé àpótí ìjókòó kékeré lọ sẹ́nu ọ̀nà ìta, ó jókòó síbẹ̀, ó kọjú sí òpópónà. Mo pè é. Ó ní "mà," kò wẹ̀yìn. Mo bi í pé kí ló ń wò.

"Mò ń dúró ni," ó ní.

Ilẹ̀ ń ṣú. Ó gbé àpò ìwé rẹ̀ lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, bí ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ tán, tó ń retí ẹni tó máa wá mú un lọ sílé.